Bí a ṣe ń fi òòfà tí bàálù wọ̀n mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú kì í ṣe oríṣi kan. Ní Ṣágámù, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló wà nísàlẹ̀, yanrìn àti amọ̀ sì bò ó. Ní Àgọ́-Ìwòyè, Orù àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àpáta líle ti yọrí síta, àwọn obìnrin a sì máa sá láfún lé e lórí. Àpáta yìí kò parí síbẹ̀. Ó rì sábẹ́ yanrìn, ó sì ń jìn sí i bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, títí dé ọ̀sà àti òkun. Ibi tó ti jìn, ibi tó ti gbé orí sókè àti ibi tó ti fọ́, ojú lásán kò lè rí wọn. Ẹni tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù mọ ohun tí mò ń wí: ilé méjì lè fara kan ara wọn, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì sì bá àpáta gbígbẹ pàdé.

Mo kọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, fún ẹni tó ń wá ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga sí, àti fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó fẹ́ mọ ohun tí òun ń sanwó fún. Ibi tó yẹ kí ẹ lọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹ sì wò dáadáa ni máàpù òòfà ń sọ fún yín. Ibi tí ẹ ó ti gbẹ́lẹ̀ kò sí lára ohun tó mọ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín, tó na ìka sí orí máàpù yìí, tó ní "ibí lomi wà", ẹ gba owó yín padà.

Ohun tí bàálù ń wọ̀n

Ilẹ̀ ayé ní òòfà tirẹ̀. Ní agbègbè wa, agbára rẹ̀ wà láàrin nǹkan bí 32,000 sí 33,000 nánòtẹ́sílà, tí a ń kọ ní nT. Àwọn òkúta kan ní èròjà irin tí wọ́n ń pè ní magnetite nínú. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ á fi tirẹ̀ kún òòfà ayé, tàbí kó dín in kù, nígbà mìíràn ní ìwọ̀nba nT mélòó kan, nígbà mìíràn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ẹ̀rọ mágínétómítà tí wọ́n so mọ́ ìrù bàálù ń kà bí ó ti ń fò. Nígbà ogun àgbáyé kejì, irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń wá ọkọ̀ ogun tó sá pamọ́ sábẹ́ omi òkun. Nígbà tí ogun parí ni àwọn tó ń wá epo àti kùsà gbà á.

Yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òòfà rárá. Nítorí náà ẹ̀rọ náà ń wò wọ́n kọjá, bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ odò tó mọ́ gaara, títí tó fi máa kan àpáta ìpìlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ó wúlò fún ilẹ̀ bíi ti Rẹ́mọ, tí yanrìn ti bo ohun gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀

Kí ẹ tó ra dátà, kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ní gbólóhùn kan. "Báwo ni àpáta ṣe jìn tó lábẹ́ Ìkẹ́nnẹ́?" jẹ́ ìbéèrè. "Ibo ni àpáta ti fọ́ láàrin Orù àti Àwà?" jẹ́ ìbéèrè. "Ẹ bá wa wo ohun tó wà nílẹ̀ wa" kì í ṣe ìbéèrè, owó ni yóò kàn jẹ. Èkínní ń béèrè ìjìnlẹ̀, èkejì ń béèrè ojú ìfọ́, iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe lórí dátà kò sì ní rí bákan náà fún àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá dátà

Ẹ kò nílò láti háyà bàálù. Láàrin ọdún 2003 sí nǹkan bí 2010, wọ́n fi bàálù wọn òòfà ilẹ̀ Nàìjíríà, Nigerian Geological Survey Agency, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NGSA, ló sì ni dátà náà. Bàálù fò ní nǹkan bíi mítà 80 sókè ilẹ̀. Mítà 500 ló wà láàrin ìlà kan tó fò àti ìkejì, àwọn ìlà náà sì lọ láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn sí gúúsù-ìlà-oòrùn. Àwọn ìlà mìíràn tún dá wọn ní ìdábùú, kí wọ́n lè fi wé ara wọn kí wọ́n sì ṣàtúnṣe ibi tí kíkà bá ti yàtọ̀. Ẹ rántí àwọn nọ́ńbà méjèèjì yìí, 80 àti 500, torí wọn yóò máa padà wá bá yín.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta máàpù náà, ní abala tó fẹ̀ tó ìdajì dìgírì ní ìbú àti lóròó, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 55 sí 55. Abala tiwa ni 280, Ìjẹ̀bú-Òde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti látítúùdì 6°30′ dé 7°00′, àti lọ́ńgítúùdì 3°30′ dé 4°00′. Ṣágámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ Ìjẹ̀bú-Òde gan-an, tó fún un lórúkọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà létí rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, Ìjẹ̀bú-Igbó sì wà ní igun òkè pátápátá. Ògbèrè, níbi tí ilẹ̀ ti ń sun ọ̀dà, ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín bá kan àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ ra èyí tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, kí ẹ sì ra 261, ti Ìbàdàn, tó wà ní àríwá. Létí máàpù, gbogbo ìṣirò tí ẹ bá ṣe á máa ṣe wérewère. Ẹni tó ń wá nǹkan ní Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú 280 nìkan ń fi owó ṣòfò.

Ẹ béèrè fún dátà tó wà ní gíríìdì (ojú onígun mẹ́rin kéékèèké tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kíkà tirẹ̀) tàbí ní ìlà-ìlà, ẹ má gba àwòrán PDF aláwọ̀ mèremère. Àwòrán kò ṣe é ṣírò. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ gba ìwé láti ẹ̀ka tí ẹ wà kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn.

Bí owó kò bá tíì sí, ẹ lè kọ́kọ́ fi dátà ọ̀fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ ní Ọsirélíà, Geoscience Australia, ń fi tiwọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Dátà EMAG2 ti NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, náà wà, ó kárí ayé, àmọ́ kìlómítà mẹ́ta ààbọ̀ ó lé ló wà láàrin ojú kan sí ojú kejì nínú rẹ̀, gbogbo Ṣágámù lè wọ inú ojú bíi mélòó kan péré. Ẹ fi kọ́ṣẹ́, ẹ má fi ṣe ìpinnu.

Ní ti sọ́fúwíà, Oasis montaj ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, ó sì wọ́n. PyGMI, tí àjọ Council for Geoscience ti South Africa ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì tó fún ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. QGIS ni kí ẹ fi ya máàpù. Ẹni tó mọ Python lè lo Harmonica.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ìwé tó bá dátà wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fo èyí. Òòfà ayé kì í dúró sójú kan: láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, oòrùn a máa tì í sókè, a sì máa fà á wálẹ̀. Fún ìdí èyí, wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sójú kan ní gbogbo àsìkò tí bàálù bá wà lókè, kí wọ́n lè yọ ìyípadà ojoojúmọ́ náà kúrò. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yọ òòfà ayé fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣírò láti inú ìlànà tí wọ́n ń pè ní IGRF, kí ohun tó kù jẹ́ ti òkúta nìkan.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni èwo ni wọ́n ti yọ, èwo ni wọn kò tíì yọ. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà inú fáìlì. Bí wọ́n bá wà ní 32,000 tàbí 33,000, òòfà ayé ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún mélòó kan, pẹ̀lú ti òdì nínú, wọ́n ti yọ nǹkan kúrò. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ IGRF ni wọ́n yọ, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n kàn fà kúrò lára gbogbo rẹ̀ kó lè rọrùn láti kà. Méjèèjì kò jọra. Bí ìwé kò bá sọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ NGSA.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ ipò ibi kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ìwọ̀n ipò tó ń jẹ́ WGS84, UTM Zone 31 Àríwá, ló yẹ ilẹ̀ wa. Àwọn máàpù àtijọ́ ń lo ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ Minna. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ láìyí ọ̀kan padà, ojú ibi tí ẹ ń wá yóò sún kúrò ní iye mítà tó tó láti gbé bọ́hóòlù yín bọ́ sínú oko ẹlòmíràn, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Ìjẹ̀bú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gíríìdì

Bí ẹ bá gba dátà onílà, ẹ ní láti kún àlàfo àárín ìlà. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni minimum curvature, ìṣirò tó ń fa ojú tó rọ̀ jù lọ gba gbogbo kíkà kọjá. Ẹ fi ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún mítà 500 náà ṣe ìwọ̀n ojú gíríìdì, ìyẹn mítà 125 tàbí 100. Mo ti rí máàpù tí wọ́n fi mítà 20 ṣe. Ó ń dán, ó ń wu ojú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló hun gbogbo ohun tó wà láàrin ìlà méjì náà. Bàálù kò débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣẹ́ ariwo ọwọ́ ènìyàn kúrò

Ní àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìgbésẹ̀ yìí kì bá tí pọn dandan ní Rẹ́mọ. Lónìí, irin wà níbi gbogbo. Àwọn ilé iṣẹ́ irin tó wà ní Ògijo, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ṣágámù, wáyà iná ńlá tó gba inú igbó kọjá, afárá àti ọkọ̀ ńláńlá tó tò sí oríta ńlá Ṣágámù (Sagamu Interchange): mágínétómítà ń ka gbogbo wọn. Ohun tó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn sábà máa ń rí ṣóńṣó, tó kúrú, tó ga, tó sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo láìkan ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé àwòrán sátẹ́láìtì sábẹ́ máàpù yín ní QGIS, kí ẹ wo ibi tí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Bí ó bá bọ́ sórí òrùlé páànù gbọọrọ, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ má sì ka ohunkóhun níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí wá láti Kánádà, Ọsirélíà àti Yúróòpù, níbi tí òòfà ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Lọ́dọ̀ wọn, àpáta tó ní òòfà á yọ ní pupa, gíga, sójú ibi tó wà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà ibi tí òòfà ayé ti sùn gbalaja kọjá ní àríwá Nàìjíríà, ní nǹkan bíi látítúùdì 10 sí 11. Ní Ìjẹ̀bú, a wà ní gúúsù ìlà náà díẹ̀, òòfà ayé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ó kàn fi nǹkan bíi dìgírì 10 tẹ̀ sókè ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítorí èyí ni pé àpáta tó ní òòfà púpọ̀ á fi kíkà rírẹlẹ̀ hàn lórí ara rẹ̀, gíga á sì wà ní àríwá àti gúúsù rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá pupa á máa lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń wá.

Sọ́fúwíà ní bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ reduction to the pole, tó máa ń sọ dátà di bí ẹni pé ibi tí òòfà ayé ti dúró ṣánṣán ni a ti wọ̀n ọ́n. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ìṣirò náà ń pín nọ́ńbà pẹ̀lú ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo fún ohunkóhun tó bá dúró láti àríwá sí gúúsù, ariwo kékeré á sì wú di ńlá. Àbájáde rẹ̀ ni ìlà gígùn-gígùn tó lọ láti àríwá sí gúúsù, tó jọ ojú ìfọ́ àpáta, tí kò sì sí nílẹ̀ rárá. Ewu rẹ̀ fún wa ju ti ẹlòmíràn lọ, torí àpáta ilẹ̀ Yorùbá máa ń dúró láti àríwá sí gúúsù lóòótọ́. Irọ́ náà á jọ òótọ́ lójú ẹni tó mọ ilẹ̀.

Reduction to the equator ni kí ẹ lò, èyí tó ń sọ dátà di bí ẹni pé ibi tí òòfà ayé ti sùn gbalaja ni a ti wọ̀n ọ́n. Ohun mẹ́ta ló máa béèrè lọ́wọ́ yín: agbára òòfà ayé, bí ó ti tẹ̀ tó, àti iye dìgírì tó fi yà kúrò ní àríwá gidi. Ẹ lọ sí ojúlé ìṣirò IGRF ti NOAA tàbí ti British Geological Survey, ẹ fi látítúùdì àti lọ́ńgítúùdì àárín máàpù yín sí i, mítà 80 fún gíga, àti ọjọ́ tí bàálù fò. Ọjọ́ tí bàálù fò ni mo wí, kì í ṣe òní, torí òòfà ayé ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà. Àmì òdì gbọ́dọ̀ wà níwájú iye tó tẹ̀. Ẹni tó bá kọ 10 dípò −10 ti gbé Ìjẹ̀bú lọ sí àríwá ìlà náà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn kan á fi −1 sọ gbogbo gíríìdì di púpọ̀, kí àpáta tó ní òòfà lè padà di pupa. Kò burú, ó sì rọrùn fún ojú, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sára máàpù pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku kùdìẹ̀-kudiẹ kan tí bọ́tìnì kankan kò lè wò sàn. Ìfọ́ tàbí ààlà òkúta tó bá lọ tààrà láti àríwá sí gúúsù kì í fi ara hàn dáadáa níbi tí òòfà ayé bá ti sùn. Tó bá yà díẹ̀, á yọ fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá dúró tààrà, á já sí kéékèèké tàbí kó má yọ rárá. Nítorí náà, bí máàpù yín bá fi hàn pé ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo ìfọ́ ilẹ̀ náà gbà, ẹ má tètè gbà. Ẹ lọ mú àwòrán gíga ilẹ̀ SRTM, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ wo bí odò Ọ̀ṣun àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ń ṣàn. Odò tó bá ń ṣàn tààrà fún kìlómítà mélòó kan láìṣẹ́rí ń tẹ̀ lé nǹkan lábẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ya ti òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀

Ohun tó wà nítòsí máa ń yọ ní kékeré tó mú. Ohun tó jìn máa ń yọ ní fífẹ̀ tó rọ̀. Upward continuation ni ẹ ó fi ya wọ́n: ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò bí kíkà náà ìbá ṣe rí ká ní bàálù fò ní kìlómítà kan sókè, lẹ́yìn náà kìlómítà méjì. Ohun tó bá kù níbẹ̀ jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí ti òkè. Fún bọ́hóòlù ní Orù, ti òkè ni ẹ fẹ́. Fún ìjìnlẹ̀ àpáta lábẹ́ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ nílò méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ wá etí òkúta

First vertical derivative, ìṣirò bí kíkà ṣe ń yí padà bí a bá ń gòkè, máa ń mú kí etí òkúta hàn kedere. Tilt derivative, igun tó ń fi ìyípadà sókè wé ìyípadà sí ẹ̀gbẹ́, wúlò jù ú lọ ní ilẹ̀ wa, torí ó ń fún ohun tó rẹlẹ̀ lábẹ́ yanrìn Rẹ́mọ ní ojú kan náà pẹ̀lú ohun tó wà lókè ní Àgọ́-Ìwòyè. Dìgírì ni wọ́n fi ń ka tilt, láti −90 dé 90. Níbi tó bá ti jẹ́ òdo, etí òkúta wà níbẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ rántí pé lórí gíríìdì tí a kò sọ di òdì, inú òkúta tó ní òòfà ni á wà ní ìhà òdì.

Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ẹ wọn ibi tí tilt ti kúrò ní òdo dé ibi tó ti di 45. Bí etí òkúta bá dúró ṣánṣán, gígùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú bí ó ṣe jìn sí ẹ̀rọ tó. Rúlà lásán lè ṣe é lórí bébà.

Ẹ fa ìlà sórí gbogbo etí tó bá gùn tó sì tọ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́, kí ẹnìkejì yín fa tirẹ̀ láìwo tiyín. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì bá fà ni kí ẹ gbà. Ojú a máa rí ohun tó bá wù ú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìjìnlẹ̀

Ọ̀nà méjì ni mo máa ń fi wé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni Euler deconvolution, ìṣirò tó ń fi bí kíkà ṣe ń yí padà wá ibi tí òkúta wà àti bí ó ṣe jìn tó. Ó ń fẹ́ kí ẹ sọ irú ohun tí ẹ ń wá fún un pẹ̀lú nọ́ńbà: 0 fún ààlà òkúta tàbí ìfọ́ ńlá, 1 fún òkúta tó dúró bí ìgànná tẹ́ẹ́rẹ́, 3 fún ohun róbótó. Bí ẹ bá fún un ní nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìjìnlẹ̀ á pọ̀ ju ti òótọ́. Ẹ fi 0 àti 1 ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wo ibi tí àwọn àmì ti kó jọ gbọn-in. Àmì tó fọ́n káàkiri, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ̀kejì ni ti power spectrum, ìṣirò tó ń pín agbára kíkà gẹ́gẹ́ bí ìgbì rẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹ gé apá kan nínú máàpù, kọ̀ǹpútà á ya ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ìlà náà bá ti tọ́, ẹ wo bí ó ṣe ga ní ìsọ̀kalẹ̀ tó, kí ẹ pín in pẹ̀lú 12.57. Ká ní, bí a ti ń kúrò ní òdo lọ sí 1 lórí ìlà ìsàlẹ̀, tó jẹ́ iye ìgbì fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, lógárídíìmù agbára náà fi 10 sọ̀ kalẹ̀. 10 tí a fi 12.57 pín jẹ́ nǹkan bíi 0.8, ìyẹn mítà 800.

Mítà 800 sí ibo? Sí bàálù. Ẹ yọ mítà 80 tó fò sókè kúrò, ó ku nǹkan bíi 720. Lórí ohun tó jìn báyìí, 80 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí Euler bá sọ 130 fún yín ní ẹ̀bá Òde-Rẹ́mọ, tí ẹ kò sì yọ 80, ẹ ó sọ fún oníbọ́hóòlù pé àpáta wà ní mítà 130 nígbà tó wà ní 50. Owó páìpù nìkan á dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gé apá tó da àpáta ìta Àgọ́-Ìwòyè pọ̀ mọ́ yanrìn gúúsù. Nọ́ńbà tó máa jáde kò ní jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn. Apá tí ẹ bá gé sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìjìnlẹ̀ tí ẹ ń wá lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ gbé bàtà wọ̀

Ẹ kó àwọn ìlà yín sínú fóònù tó ní GPS, kí ẹ lọ síbẹ̀. Ní apá Orù àti Àwà, àpáta wà níta, ẹ ó lè fi kọ́ḿpáàsì wọn bí ìlà ara òkúta ṣe lọ, kí ẹ fi wé ìlà yín. Ní oko kan níbẹ̀, bàbá àgbẹ̀ kan dá wa dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ ń wá kiri?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ibi tí àpáta ti là lábẹ́ ilẹ̀ la ń wá."

"Ibi tí koríko kì í kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ń wí yẹn. Ẹ máa bọ̀."

Ó mú wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ mẹ́ta kan, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó sì tutù nígbà tí gbogbo oko yòókù ti gbẹ tó ti sán. Ìlà inú fóònù wa kọjá ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ibẹ̀. Kò yani lẹ́nu: omi tó ń gba inú ìfọ́ kọjá fún àìmọye ọdún máa ń sọ magnetite inú òkúta di ìpẹtà, òòfà rẹ̀ á sì kú, ìdí nìyẹn tí ojú ìfọ́ fi ń yọ lórí máàpù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà GPS rẹ̀.

Níbi tí máàpù, odò àti ẹnu àgbẹ̀ bá ti ṣọ̀kan ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fi iná wọn ilẹ̀ lọ, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní VES. Òun ló lè sọ bí ilẹ̀ rírọ̀ ṣe nípọn tó lórí àpáta àti bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e ní ìdábùú ojú ìfọ́ náà, ní ojú bíi márùn-ún, torí mítà 500 ló wà láàrin ìlà bàálù, ojú ìfọ́ gan-an sì lè wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ibi tí ẹ fà á sí.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ wá lórí máàpù yìí

Omi fúnra rẹ̀ kò ní òòfà. Wúrà kò ní. Ọ̀dà tó wà nínú yanrìn Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn kò ní. Máàpù lè sọ bí àpáta abẹ́ rẹ̀ ṣe rí, kò lè sọ iye ọ̀dà. Ẹnìkan ti béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá a lè rí Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lórí rẹ̀. A kò lè rí i. Erédò ga, ó sì gùn ju 160 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ ni, bàálù tó fò ní mítà 80 pẹ̀lú àlàfo mítà 500 kò ní mọ̀ pé òun kọjá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ LiDAR nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ léésà wọn gíga ilẹ̀ láti òkè.

Ti ìmìtìtì ilẹ̀ náà wà. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àyíká rẹ̀ ní 1984, ó tún mì ní oṣù Kẹsàn-án 2009, àwọn ènìyàn sì ń béèrè bóyá máàpù yìí lè fi ojú ìfọ́ tó fà á hàn. Ó lè fi ìfọ́ hàn. Kò lè sọ bóyá ìfọ́ náà ṣì ń rìn tàbí ó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ló ń sọ ìyẹn.

Ohun tí ẹ ó fi lé ẹni tó rán yín níṣẹ́ lọ́wọ́

Ojú ìwé méjì tó. Lórí èkínní, máàpù kan pẹ̀lú ìlà àríwá, ìwọ̀n kìlómítà, orúkọ abúlé, àti àlàyé àwọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ẹ ti sọ gíríìdì di òdì. Lórí èkejì, ẹ to ojú ibi mẹ́ta sílẹ̀, èyí tó dára jù lọ ṣáájú, pẹ̀lú nọ́ńbà GPS, ìjìnlẹ̀ láti ibì kan dé ibì kan (ẹ má kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo), àti ohun tí VES sọ níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà abala dátà, ọjọ́ tí bàálù fò, àti gbogbo iye tí ẹ fi sínú sọ́fúwíà, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe ẹni tó ni ilẹ̀ ojú ibi àkọ́kọ́, kí ẹ bi í bóyá ó ti tà á.